Kì í Ṣe Poroporo Ló Wo Ọmọ Mi Sàn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí. Mo máa ń ka ti obìnrin tí ọkọ rẹ̀ já jù sílẹ̀, mo máa ń ka ti ọmọ ìyá méjì tí wọn kì í kí ara wọn mọ́, mo sì máa ń dá sí i bí ẹni tí kò ní ẹ̀bi kankan lọ́rùn. Lónìí, tèmi ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ọkọ mi mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ọkọ mi mọ díẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé mo lè máa gbé e kiri títí yóò fi kúrò lára mi fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ń bọ̀ wá bá mi láti Ṣakí lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí. Ó ń gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bọ̀, ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń bọ̀ wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé. Aṣọ òfì ni ọkọ mi ń hun nínú agbo ilé bàbá rẹ̀, èmi ni mo máa ń ká òwú fún un. Mo jáde ilé ìwé girama, mi ò tẹ̀ síwájú. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run tíì fún wa, obìnrin ni. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àmọ̀kẹ́. Gbogbo orúkọ tí mo máa dá níbí ni mo ti yí padà.

Nígbà tí Àmọ̀kẹ́ ń kọ́ ìrìn, ibà ò jẹ́ kó sinmi. Ara rẹ̀ á gbóná, á rọlẹ̀, á tún gbóná. Ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Wọ́n ní kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. A lọ sí ilé àyẹ̀wò kan tí kò jìnnà sí wa, wọ́n sì fún wa níwèé pé SS ni, pé àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde ló ń ṣe é. Èmi àti ọkọ mi ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò kí a tó fẹ́ra. A kàn fẹ́ra ni.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ ó mọ bó ṣe rí. Ọkọ mi á jókòó sídìí òfì rẹ̀ láti àárọ̀, kò ní hun nǹkan kan. Àwọn ará ilé wá ń wo Àmọ̀kẹ́ bí àlejò tó ti di ẹrù rẹ̀ tán.

Nọ́ọ̀sì kan bá mi níbi tí mo ti ń sunkún lẹ́yìn ọsibítù. Ó gba fóònù mi, ó fi mí sínú ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ní fòníkú-fọ̀la-dìde ni gbogbo wọn, àwọn ará Ṣakí, Òkèhò, Ìpapó, Ìgbòho, títí kan àwọn díẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwa Ni Ìyá Wọn ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni olórí wa. Mọ̀mí ni gbogbo wa ń pè é.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Mọ̀mí á kọ ọ́ pé, ṣé wọ́n jí? Ìyá kọ̀ọ̀kan á dáhùn lórúkọ ọmọ rẹ̀. Bí ara ọmọ bá le, ìyá á kọ ọ́ pé ó jí, ara le. Bí nǹkan bá ń dun ọmọ, á sọ ibi tó ń dùn ún, àwọn yòókù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó lè ṣe. Ìyá tí kò bá dáhùn títí oòrùn á fi mú, wọ́n á pè é. Bí kò bá gbé e, wọ́n á pe ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ kó lọ kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ mi níbẹ̀. Ìyá Àmọ̀kẹ́ ni mí.

Wọ́n kọ́ mi pé kí n máa fún un lómi léraléra. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa bò ó nígbà ọyẹ́. Ìyá kan ní Òkèhò, tí mi ò tíì fojú kàn títí dòní, máa ń pè mí lọ́sàn-án kó lè gbọ́ ohùn Àmọ̀kẹ́ lásán.

Èyí tó wá sún mọ́ mi jù nínú wọn ni Ìyá Kàmórù. Ṣakí ló wà, ó ń ta ọṣẹ. Ó jù mí lọ, kò sì ní ìtìjú kankan lẹ́nu. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́ tí mò ń sunkún, òun ló fèsì. Ó ní, "Ìyá Àmọ̀kẹ́, bí o bá tún da omi ojú sínú fóònù mi, màá gun ọ̀kadà wá sí Ìsẹ́yìn wá gbá ọ létí. Fóònù yìí ò fẹ́ omi." Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ó ra súẹ́tà pupa kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà bọ̀ láti ẹnubodè, ó fi rán dírẹ́bà sí Àmọ̀kẹ́. Kàmórù ọmọ rẹ̀ náà máa ń bọ́ sórí fóònù, á máa kọrin tí ìyá rẹ̀ fi ń polówó ọṣẹ. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ orin yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, mò ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n jẹ́ fún mi.

Mọ̀mí fúnra rẹ̀ ló ní kí a gbé Àmọ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn, kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. A lọ. Wọ́n ní àwọn á tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, tèmi àti ti bàbá rẹ̀ náà. Dókítà obìnrin tó gbé èsì wá ka ìwé náà, ó tún un kà. Ó ní AS ni mí, AA ni ọkọ mi, AS sì ni Àmọ̀kẹ́ bíi tèmi. Ó ní AA àti AS ò lè bí SS láéláé, pé àwọn tó ṣe ti àkọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. Ó ní ibà ló ń ṣe ọmọ wa, ẹ̀fọn ni kí a lọ bá jà.

Ọkọ mi jókòó sórí ilẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó sunkún bí ọmọdé.

Nínú ọkọ̀ tí a ń bá bọ̀, mo mú fóònù mi jáde pé kí n sọ fún wọn. Mo ti ro ohun tí mo máa kọ. Mo ṣí i, mo rí i pé ọmọbìnrin kan ní Ìpapó ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìnnà lílláhì ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Mo pa fóònù, mo jù ú sínú àpò.

Nígbà tí a délé, mo bi ìyá ọkọ mi léèrè bóyá kí n sọ fún ẹgbẹ́. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ilé ọ̀fọ̀ lo fẹ́ wọ̀ kí o máa jó? Jẹ́ kí wọ́n ṣe ọ̀fọ̀ wọn tán." Òótọ́ ló sọ, bí a ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Nínú agbo ilé wa, bí ọmọ ẹnì kan bá kú, ẹni tó bímọ lọ́wọ́ á rọra ṣe ìsọmọlórúkọ tirẹ̀ láì gbé ohùn sókè. Kò sí ẹni tó fẹnu sọ ọ́ fún wa, a bá a bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá ná.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá. Ọmọ mìíràn dùbúlẹ̀. Ìyẹn dìde, ti Ìgbòho bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí àárọ̀ tí ara gbogbo ọmọ máa ń le. Mò ń dúró de àárọ̀ tí ayọ̀ mi ò ní gún ẹnikẹ́ni lójú, àárọ̀ náà ò dé.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín. Kì í ṣe àánú wọn nìkan. Mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ ni. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bá mi yọ̀, wọ́n á ṣàdúrà fún mi, mo sì gbọ́dọ̀ jáde. Ta ni yóò wá máa bi mí láràárọ̀ bóyá ọmọ mi jí? Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ pé Àmọ̀kẹ́ jí, ara le. Òótọ́ sì ni. Ara rẹ̀ le lóòótọ́.

Ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ ọdún yẹn le púpọ̀, gbogbo ọmọ inú ẹgbẹ́ ló dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi Àmọ̀kẹ́. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń ṣàkíyèsí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Ìyá Kàmórù béèrè lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ní gbogbo ọmọ wa ló ń ké, tìrẹ nìkan ló ń fò kiri, kí lo ń fún un? Àwọn ìyá yòókù tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni o, Ìyá Àmọ̀kẹ́, sọ fún wa. Má fi pa mọ́ fún wa.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà. Mò ń se poroporo ọkà bàbà fún ìyá ọkọ mi. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn mọ̀ ọ́n, èèpo pupa tó wà lára igi ọkà, tí àwọn àgbà máa ń sè mu pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ó ń hó, omi rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Mo wò ó. Mo kọ ọ́ pé poroporo ọkà bàbà ni.

Àmọ̀kẹ́ ò tọ́ ọ wò rí.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé yóò tàn bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ń fi àwòrán ìkòkò wọn ránṣẹ́. Wọ́n ń béèrè bí mo ṣe ń sè é, mo sì ń dáhùn. Wọ́n ní ṣé wọ́n lè fi ṣíbí rò ó, mo ní rárá, igi ni kí wọ́n fi rò ó, irin á ba agbára rẹ̀ jẹ́. Níbo ni mo ti rí i? Ẹnu mi ló ti jáde. Mo fẹ́ kó dà bí ohun tí mò ń ṣe lóòótọ́ ni. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Poroporo. Èmi tí mo máa ń sunkún sórí fóònù tẹ́lẹ̀, èmi ni wọ́n wá ń pè fún ìmọ̀ràn. Inú mi dùn. Mo di ìdì poroporo, mo fi rán dírẹ́bà sí Ìyá Kàmórù, bó ṣe fi súẹ́tà ránṣẹ́ sí mi.

Mọ̀mí kìlọ̀. Ó fi ohùn ránṣẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ mu àgbo lè bi dókítà rẹ̀ léèrè ná, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn ọsibítù sílẹ̀, oògùn tí àwọn ọmọ wa ń lò lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ àti nítorí ibà. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, Mọ̀mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá Kàmórù kọ̀wé sí èmi nìkan. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ Mọ̀mí sílẹ̀ ná, láàárín òun àti èmi, ṣé Àmọ̀kẹ́ ṣì ń lo oògùn ọsibítù? Ó ní Kàmórù máa ń bì í, pé ìjà ni láràárọ̀ kó tó gbé e mì.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo wo ìbéèrè náà títí. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Bí mo bá ní rárá, òótọ́ ni, Àmọ̀kẹ́ ò lo oògùn kankan, nítorí nǹkan kan ò ṣe é. Mo kọ ọ́ pé, "Rárá."

Ọ̀rọ̀ kan péré. Mo rí i pé ó ti kà á. Ó fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́ sí mi, ó ṣàdúrà fún mi, ó padà sídìí ọṣẹ rẹ̀. Mo fi fóònù sílẹ̀, mo lọ ká òwú.

Ọyẹ́ lọ, òjò bẹ̀rẹ̀, Kàmórù ń jí, ara ń le. Mo wá ń bi ara mi pé àbí poroporo náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mọ̀mí béèrè pé ṣé wọ́n jí, Ìyá Kàmórù ò dáhùn. Oòrùn mú, kò dáhùn. Wọ́n pè é títí. Nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀ gbé e, ó ní ọsibítù ni wọ́n wà. Kàmórù ń ṣeré lọ́wọ́ lánàá ni ó ṣubú. Apá ọ̀tún rẹ̀ ò gbé mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni dókítà pè é. Mi ò mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ń ṣe ọmọ kékeré.

Gbogbo ẹgbẹ́ fi ohùn àdúrà ránṣẹ́. Èmi náà fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́, mo ṣàdúrà fún un lóhùn rara, gbogbo wọn sì ń dáhùn àmín.

Wọ́n padà sílé. Kàmórù ti ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀. Láràárọ̀, bí Mọ̀mí bá béèrè, ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ ni pé, Kàmórù jí, kò tíì sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti kà á tán, èmi náà á wá kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀. Àmọ̀kẹ́ jí, ara le.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí. Mo rò pé ó ti mọ̀. Mo jẹ́ kó dún títí kí n tó gbé e.

Ó ní, "Ìyá Àmọ̀kẹ́, má bínú sí mi. Mo ti ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́. Ṣíbí ni mo fi ń rò ó. Igi tí o sọ, ó ṣẹ́, ọjà ò jẹ́ kí n wá òmíràn, mo bá ń fi ṣíbí rò ó. Mo fi ṣíbí gba ohùn lẹ́nu ọmọ mi."

Obìnrin tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń da omi sí òun ní fóònù, òun ló ń sunkún yẹn.

Gbogbo ohun tí mo lè sọ ni pé, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ní àwọn dókítà ti kọ oògùn rẹpẹtẹ fún Kàmórù, wọ́n bá òun wí gan-an pé òun fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun fún un lò fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n òun ti gbé e pa mọ́ báyìí, nítorí òun mọ ibi tí àṣìṣe òun wà. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Òun fẹ́ jókòó ti ìkòkò mi, kí òun fi ojú ara òun wò bí mo ṣe ń sè é àti bí Àmọ̀kẹ́ ṣe ń mu ún. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má lé òun.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n yí nọ́ńbà fóònù mi padà, kí a sọ pé a ti rìnrìn àjò. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n lè fa ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ìyá ọkọ mi náà gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, kò mu poroporo mọ́. Bí mo bá gbé e fún un, á ní kí n gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, á tutù síbẹ̀.

Mo ti pe Ìyá Kàmórù lẹ́ẹ̀mejì láti sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kíní, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tí aṣọ dí lẹ́nu. Ó ní Kàmórù ni, pé orin ọṣẹ ló fẹ́ kọ. Mo kí i pé ẹ kú ìtọ́jú, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí òjò ń ṣe ní Ṣakí ni a sọ. Mo ti kọ ọ́ sórí fóònù mi, mo ti pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ọwọ́ mi á dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, á dúró.

Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín máa sọ. Ẹ ó ní kí n kàn sọ ọ́, kí ló le níbẹ̀? Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ náà wà láìlo oògùn bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí nǹkan mìíràn bá tún ṣe é kó tó di ọjọ́ Àìkú, èmi ni. Mo mọ̀, síbẹ̀ ẹnu mi ò là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Mọ̀mí, kí ó bá mi sọ ọ́? Ṣé kí n sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí àwọn ìyá tó kù tó ń se poroporo lè gbọ́? Bí wọ́n bá gbọ́, ṣé wọ́n á tún gba ara wọn gbọ́ mọ́? Ibi tí wọ́n ti gbé mi dìde ni mo ń bà jẹ́ fún ẹlòmíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Ohun kan ló kù. Ìyá Kàmórù ló fi ojú ewé yìí hàn mí. Ó máa ń kà á bó bá ń dúró de oníbàárà. Mo ti yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n mi ò yí ṣíbí padà, mi ò yí súẹ́tà pupa padà. Bóyá èyí ni gbogbo ìgboyà tí mo ní.

Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń kà á, ẹ má dúró de ọjọ́ Àìkú. Àìsàn yẹn ò ṣe Àmọ̀kẹ́ rí. Kò sí ohun tí mo sè fún un. Ẹ lọ gbé oògùn Kàmórù jáde níbi tí ẹ gbé e pa mọ́ sí, ẹ fún un, ẹ sì gbé e padà lọ bá dókítà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bá mi pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wù yín lọ́wọ́. Màá wà nílé.

Kì í ṣe ọwọ́ yín. Ṣíbí yẹn ò ṣe nǹkan kan.